“A ò rí nǹkan kan”: Ohun tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn “gbòǹgbò àìsàn”

Ká ní ọmọ ọdún 26 ni ọmọbìnrin náà, kó máa gbé ní Houston tàbí ní Peckham, ibi yòówù kó jẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Á sùn wákàtí mẹ́sàn-án, á jí, oorun náà á tún máa kùn ún. Tó bá jẹun tán, inú rẹ̀ á wú bí inú aboyún. Irun rẹ̀ ń já. Tó bá dìde lórí àga, òòyì á kọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lọ rí dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èsì dé, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. “Bóyá wàhálà iṣẹ́ ni. Máa sinmi dáadáa.”

Lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń wo fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì, fídíò obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun yọ sí i. “Ṣé ó ń rẹ̀ ọ́? Ṣé inú rẹ ń wú? Ṣé wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan? Wọn ò wá gbòǹgbò rẹ̀ ni.” Ọmọ náà dìde jókòó. Àjèjì kan ló ń ka ohun tó ń ṣe é bí ẹni ka ìwé yẹn.

Functional medicine ni wọ́n ń pe ohun tí obìnrin aláṣọ funfun náà ń polówó. Jeffrey Bland, onímọ̀ nípa kẹ́míkà inú ara, tí kì í ṣe dókítà ìṣègùn, ló wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1991 ni òun àti Susan ìyàwó rẹ̀ dá Institute for Functional Medicine sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ̀ka ni ilé ìwòsàn ń gé, gbòǹgbò ló sì yẹ kéèyàn hú: oúnjẹ, oorun, ìfun, họ́mọ̀nù, májèlé inú afẹ́fẹ́ àti omi. Mark Hyman ni dókítà tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 2014, Cleveland Clinic, ọ̀kan lára àwọn ilé ìwòsàn tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà, ṣí ẹ̀ka fún un lábẹ́ orúkọ yìí gan-an. Ní ọdún 2014 kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹbí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ò ní ka kọ́ọ̀sì functional medicine sí ẹ̀kọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ àwọn mọ́, nítorí ẹ̀rí ò tó. Nígbà tí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò ní 2018, kọ́ọ̀sì tó kàn ń ṣàlàyé ohun tó jẹ́ nìkan ni wọ́n gbà láyè. Èyí tó ń kọ́ dókítà bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn ò gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Donald Trump fa Casey Means kalẹ̀ fún ipò Surgeon General, ìyẹn dókítà tó máa ń gba gbogbo ará Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìlera. Stanford ni Means ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ó fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun sílẹ̀ kó tó parí rẹ̀, ó sì bọ́ sídìí functional medicine. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan káwọ́ lérí. Èyí tó kàn mí níbẹ̀ ò ju ọmọ ọdún 26 wa yìí lọ.

Ká tó bá a wí pé ó ń gbọ́ ti fóònù, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó lé e kúrò ní ilé ìwòsàn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ara ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe ilé ọmọ ni wọ́n ti yọ “hysteria”, orúkọ tí àwọn dókítà fi ń pe àìsàn obìnrin tí kò bá ti yé wọn; ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń ka orúkọ àìsàn sí. Ní 1977, lẹ́yìn tí oògùn thalidomide ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ di aláàbọ̀ ara láti inú oyún, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ní kí wọ́n má fi obìnrin tó ṣì lè lóyún sí ìpele àkọ́kọ́ nínú ìdánwò oògùn tuntun. Ìdáàbòbò ni wọ́n pè é. Ohun tó bí ni pé ara ọkùnrin ni wọ́n fi ń wọn oògùn tí obìnrin máa lò, títí di 1993 tí àjọ náà yí ìlànà rẹ̀ padà, tí òfin sì dé pé ìwádìí tí ìjọba bá fowó sí gbọ́dọ̀ ní obìnrin nínú. Ọdún 1993, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe ayé Noa.

Ní 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè lọ́wọ́ ará ìlú bí ìtọ́jú obìnrin ṣe rí. Èèyàn tó sún mọ́ 100,000 ló dáhùn, 84 nínú 100 wọn sì ní ìgbà kan wà tí àwọn elétò ìlera ò gbọ́ tàwọn. Ẹ mú endometriosis bí àpẹẹrẹ, ìyẹn kí ẹran tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù níta ilé ọmọ, kó máa fa ìrora tó ń múni ká kò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́wàá tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí ló ní i. Nínú ìròyìn tí ẹgbẹ́ Endometriosis UK gbé jáde ní 2024, ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́wàá ló ń gbà obìnrin kan níbẹ̀, tá a bá pín in dọ́gba, láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ rí dókítà títí dọjọ́ tí wọ́n máa sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ló sọ nípa PCOS, tó máa ń da nǹkan oṣù rú tí irùngbọ̀n sì lè hù fún obìnrin nítorí rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí 70 nínú 100 tó ní i má mọ̀ pé àwọn ní i. Lupus náà wà níbẹ̀, àìsàn tí ara fi ń gbógun ti ara rẹ̀: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń bá jà ló jẹ́ obìnrin, ó sì ń mú aláwọ̀ dúdú ju funfun lọ.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní “a ò rí nǹkan kan”, nígbà míì, wọn ò tíì wo ibi tó yẹ ni.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà àdúgbò ní fún aláìsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ibòmíì tiẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú wá lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ wa yìí ní ohun márùn-ún. Èwo ni kó mú, irun tàbí òòyì? Lọ́dọ̀ oníṣègùn gbòǹgbò, ìjókòó àkọ́kọ́ lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á bi í bí wọ́n ṣe bí i, ohun tó ń jẹ láàárọ̀, bóyá ó ń sùn, ẹni tó kú nínú ilé, ọkọ àfẹ́sọ́nà tó já a jù sílẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ nílé rí mọ irú rẹ̀: bàbá ò ní kánjú já ewé, á kọ́kọ́ béèrè àlá rẹ, á béèrè ẹni tẹ́ ẹ jọ ní gbólóhùn asọ̀. Kéèyàn rí ẹni gbọ́ tiẹ̀ délẹ̀, ìtura ni. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjókòó bá parí tí ìwé àyẹ̀wò bá jáde.

Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba inṣọ́ránsì, àpò ara ẹni lowó ti ń jáde. Wọ́n á ní kó tu itọ́ sínú ìgò lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ láti wọn cortisol, họ́mọ̀nù tí ara máa ń tú jáde nígbà wàhálà. Wọ́n á ní kó tọ̀ sórí ìwé kó gbẹ, kó fi ránṣẹ́ sí láàbù fún họ́mọ̀nù. Wọ́n á yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún “oúnjẹ tí ara rẹ kọ̀”. Function Health, ilé iṣẹ́ tí Mark Hyman wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ń ta àyẹ̀wò tó lé ní 100 fún ẹni tó bá san owó ọdún. Ó dùn létí, àbí? Àyẹ̀wò 100 á sáà rí nǹkan kan!

Yóò rí nǹkan kan lóòótọ́. Ìdí nìyí. Bí láàbù ṣe ń mọ ohun tó “bójú mu” ni pé wọ́n á wọn ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le, wọ́n á mú 95 tó wà láàárín nínú 100, wọ́n á wá ní márùn-ún tó kù ti lọ sókè jù tàbí sílẹ̀ jù. Ara àwọn márùn-ún yẹn náà le o. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko tó ṣe àyẹ̀wò 20 tí kò bá ara wọn tan, ó ju ìlàjì lọ pé ọ̀kan, ó kéré tán, á jáde pẹ̀lú àmì pupa. Tó bá ṣe 100, kó retí bíi márùn-ún. Ẹni tó ti ń wá orúkọ fún àárẹ̀ rẹ̀ láti ọdún méjì wá, tó rí àmì pupa márùn-ún lórí ìwé, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kò já mọ́ nǹkan kan? Ti họ́mọ̀nù obìnrin tún burú sí i, torí pé ìyàtọ̀ wà nínú progesterone ọjọ́ kẹta nǹkan oṣù àti ti ọjọ́ kọkànlélógún bí ìyàtọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sí òjò.

Ọ̀kan lára orúkọ tí wọ́n máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni “adrenal fatigue”. Adrenal ni ẹṣẹ́ kékeré méjì tó gorí kíndìnrín, tó ń pèsè cortisol. James Wilson, oníṣègùn eegun ẹ̀yìn, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1998: pé wàhálà ayé ti lo àwọn ẹṣẹ́ náà gbẹ. Ó bá ohun tó ń ṣe ọmọ wa mu wẹ́kú. Ó bá tèmi náà mu lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní 2016, àwọn olùwádìí méjì ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní São Paulo, ní Brazil, kó ìwádìí 58 jọ tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, wọ́n tú u palẹ̀, wọn ò sì rí ẹ̀rí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Ohun kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà họ́mọ̀nù, Endocrine Society, ń sọ. Àìsàn adrenal tòótọ́ wà, Addison's disease, ó lè pani, àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé sì wà fún un, ìyẹn yàtọ̀.

Ibi tí ọkàn mi ti fò sókè ni ti oògùn rẹ̀. Ní 2018, àwọn olùwádìí gbé èsì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Mayo Clinic Proceedings. Wọ́n ra oríṣi 12 lára àwọn kóró tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà fún “ìtìlẹ́yìn adrenal”, wọ́n yẹ ohun tó wà nínú wọn wò. Gbogbo 12 ló ní họ́mọ̀nù thyroid, ìyẹn ti ẹṣẹ́ inú ọrùn, nínú. Méje ní ó kéré tán irú họ́mọ̀nù steroid kan. Ẹ wá ronú ohun tó túmọ̀ sí: ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti ń lù kìkìkì tẹ́lẹ̀ ń gbé họ́mọ̀nù tó máa ń mú ọkàn sáré mì láàárọ̀, kò sì mọ̀. Lọ́jọ́ kìíní ara rẹ̀ lè yá gágá. Kò yani lẹ́nu, ẹni tó bá mu steroid lè nímọ̀lára agbára. Kó tún wá fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀nà.

Àyẹ̀wò “oúnjẹ tí ara rẹ kọ̀”, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. IgG ni wọ́n ń wọ̀n, èròjà ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń yọjú nítorí pé èèyàn ti jẹ oúnjẹ náà rí. Ẹni tó ń jẹ ẹyin lójoojúmọ́ á ní IgG ẹyin. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀hun ní Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ti sọ pé kí wọ́n má lò ó. Ti Kánádà jáde ní 2012. Síbẹ̀, èèyàn á gba ìwé wálé pé kó fi wàrà, ẹyin, àlìkámà, ẹ̀pà àti tòmátò sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n sì ń fún níwèé yìí, lọ́jọ́ orí tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń bá oúnjẹ ṣọ̀tá tẹ́lẹ̀ nítorí kí wọ́n lè tẹ́ẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ sọ ibi tí wọ́n ti jàre o, torí wọ́n jàre níbì kan.

Ẹ mú ferritin, tó ń sọ bí èròjà irin tí ara fi pa mọ́ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn lè tó lójú láàbù, kí àká irin rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ọ̀pọ̀ dókítà ò ní wọn ferritin tí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó. Ní 2012, ìwádìí kan jáde láti Faransé: obìnrin 198 tó ń rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó, àmọ́ tí ferritin wọn wà nísàlẹ̀ 50. Wọ́n fún àwọn kan ní irin fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n fún àwọn kan ní kóró tí kò ní nǹkan kan nínú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni wọ́n mu. Àárẹ̀ àwọn tó mu irin fi nǹkan bí 48 nínú 100 lọ sílẹ̀. Àwọn tó mu kóró lásán? Tiwọn náà fi 29 lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí torí pé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó fún àwọn obìnrin tí wọ́n ní “kò sí nǹkan kan” láre, ó sì tún fi hàn wá ibi tí ìyìn oògùn lórí fídíò ti ń wá: kéèyàn gba kóró, kí wọ́n máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, ó tó gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àárẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ irin yìí kan àwọn ọmọ wa lókè òkun gan-an. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà máa ń ní ìju, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáíbúrọ́ìdì, ju obìnrin funfun lọ, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ìju ń mú kí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ya, ẹ̀jẹ̀ tó ya á kó irin lọ, àárẹ̀ á dé, irun á já. Tí ọmọ bá sọ fún màmá rẹ̀ pé páàdì òun ń kún láàárín wákàtí kan, màmá á ní, “Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn, o máa mọ́ ọn lára.” Ọmọ náà ò sì ní ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ ohun tó ń sọ fún dókítà, torí lójú tiẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Gbòǹgbò wà lóòótọ́. Kò wulẹ̀ nílò kéèyàn tutọ́ sígò lẹ́ẹ̀mẹrin.

Cleveland Clinic náà ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rí hàn. Ní 2019, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nínú JAMA Network Open: ní oṣù mẹ́fà, ìlera àwọn tó wá sí ẹ̀ka functional medicine, bí wọ́n ṣe fẹnu ara wọn sọ ọ́, sàn ju ti àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹbí. Àmọ́ àwọn aláìsàn ló fẹsẹ̀ ara wọn yan ibi tí wọ́n lọ, kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn. Ẹni tó bá lówó, tó láyè, tó ti pinnu láti yí oúnjẹ rẹ̀ padà kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó sáré wọlé láti ibi iṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjà. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wọ̀nyí, ẹni tó ń sọ pé ohun kan ò tó lára rẹ náà ló ń ta ohun tó máa dí i. Òfin Amẹ́ríkà ti 1994 sì ní ẹni tó ń ta àfikún oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní supplement, ò nílò láti fi ẹ̀rí han FDA pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé e sọ́jà. Ó kàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ìgò pé FDA ò tíì yẹ ohun tí òun sọ wò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ilé la tún gbọ́ lókè òkun? Ẹ yí ìgò àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC sẹ́yìn, ẹ ó rí gbólóhùn tó jọ ọ́: NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Gbogbo-nìṣe ló yí ìgò padà, ó wọ aṣọ funfun, ó gba orúkọ òyìnbó.

Àwọn kan lára wọn ń ṣèpalára. Àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń rí àwọn tí kóró atalẹ̀ pupa àti ti ashwagandha, egbòogi kan láti Íńdíà, bá ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Denmark fòfin de ashwagandha ní 2023. Atalẹ̀ pupa tá à ń fi sọbẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà, kóró tí wọ́n ki púpọ̀ rẹ̀ sínú ni mò ń wí. Biotin, fítámì tí ọ̀pọ̀ ẹni tí irun ń já ń mu, tún ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tiẹ̀: FDA kìlọ̀ ní 2017 pé ó lè da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú, títí kan ti thyroid. Ọmọ wa ń mu biotin nítorí irun, biotin sọ thyroid rẹ̀ di ohun tí kò jẹ́ lórí ìwé, wọ́n wá ń tọ́jú ìwé.

Irú rẹ̀ tún wà nídìí àlìkámà. Àìsàn celiac wà, níbi tí àlìkámà ti ń ba ìfun jẹ́; ó ń fa inú wíwú àti àìtó irin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dára sì wà fún un. Àmọ́ àyẹ̀wò náà kì í ríran tí èèyàn bá ti fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbòǹgbò máa ń ní kéèyàn fi sílẹ̀ nìyẹn. Tó bá wá padà lọ sílé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èsì á jáde, wọ́n á tún ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Òòyì àti ọkàn tó ń lù kìkìkì ńkọ́? Orúkọ ohun kan tó máa ń wà nídìí rẹ̀ ni POTS, ìyẹn kí ọkàn máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ nígbà téèyàn bá dìde dúró. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní i, láàárín ọdún 15 sí 50, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ti ní ìpayà ọkàn lásán ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: èèyàn á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, á wá dìde dúró, wọ́n á máa kà á lọ, wọ́n á sì máa wọn ìfúnpá rẹ̀. Tí iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 12 sí 19, tí ìfúnpá ò já wálẹ̀, tó sì ti ń ṣe é fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ń sún mọ́ ìdáhùn. Kò gba itọ́, kò gba ìtọ̀, aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìfúnpá tó wà lórí tábìlì gbogbo dókítà ti tó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ní kí aláìsàn fi dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn náà ni gbogbo àkókò tí dókítà àdúgbò ní fún un, látìgbà tó bá kanlẹ̀kùn títí tó fi máa jáde.